Yanrìn, Gíláàsì àti Eruku Òkúta: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Sílíkà

Nínú ìtẹ̀jáde oṣù tó kọjá, a mẹ́nu ba àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí ó ń bá àwọn tí ń fọ́ òkúta jà, a sì sọ pé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní sílíkà ló wà nídìí rẹ̀. Lẹ́tà tí ó tẹ̀lé e pọ̀ ju bí a ti retí lọ. Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ nínú yín lójú ni bí èròjà kan náà ṣe lè jẹ́ yanrìn tí ọmọdé fi ń ṣeré, kí ó jẹ́ gíláàsì tí a fi ń mu omi, kí ó sì tún jẹ́ ohun tí ń pa àgbàlagbà. A ti ṣa díẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà náà, a sì ti fi orúkọ àwọn tó kọ wọ́n pamọ́.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Olùkọ́ wa sọ pé sílíkà ni yanrìn, sílíkà ni gíláàsì, sílíkà náà sì ni òkúta funfun tí ń dán nínú akọ òkúta. Ó ní sílíkónì kan pẹ̀lú ọ́síjìn méjì ni. Ṣùgbọ́n òun náà ló kọ́ wa pé bí kábọ́nì kan bá so mọ́ ọ́síjìn méjì, afẹ́fẹ́ tí à ń mí jáde ni. Kí ló wá dé tí èkíní fi jẹ́ òkúta, tí èkejì fi jẹ́ afẹ́fẹ́? Ṣé òótọ́ sì ni pé sílíkà lè pa ènìyàn? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ rẹ kò ṣìnà. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí jáde, kábọ́nì kan á di ọ́síjìn méjì mú, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú aládùúgbò wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fò kiri. Ti sílíkónì kò rí bẹ́ẹ̀. Sílíkónì kọ̀ọ̀kan di ọ́síjìn mẹ́rin mú, ọ́síjìn kọ̀ọ̀kan sì wà láàárín sílíkónì méjì, tí gbogbo wọn fi so kọ́ra bí ẹní tí a hun, láti òpin hóró yanrìn kan dé òpin rẹ̀ kejì. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ọ́síjìn méjì ló ń kan sílíkónì kan, bí olùkọ́ ti wí, ṣùgbọ́n kò sí mẹ́ta kan tí ó lè dá yà kúrò lára ìyókù kí ó fò lọ.

Ìsopọ̀ yìí ló fún sílíkà ní ìwà rẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí òkúta ti le tó, níbi tí dáyámọ́ńdì ti gba 10, quartz, èyí tí í ṣe sílíkà tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ (àwọn sílíkónì àti ọ́síjìn tíntìntín wọ̀nyẹn) tò lẹ́sẹẹsẹ, gba 7; ó lè ha gíláàsì fèrèsé, ó sì lè ha irin ọ̀bẹ. Irin ti ń yọ́ ní 1,538°C, ṣùgbọ́n quartz á dúró títí di nǹkan bí 1,700°C. Omi kò rí i gbé ṣe. Ásíìdì tí ó wọ́pọ̀ kò rí i gbé ṣe pẹ̀lú, àfi hydrofluoric acid nìkan, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í gbé ásíìdì náà sínú ìgò bí kò ṣe sínú ike.

Bí a bá yọ́ sílíkà, tí ó sì tutù kí átọ́ọ̀mù rẹ̀ tó ráyè tò padà, gíláàsì ló dà. Gíláàsì tí a ń lò nílé kì í ṣe sílíkà nìkan; wọ́n a máa da sódà àti ẹfun òkúta mọ́ ọn kí ó lè yọ́ nínú iná tí kò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Yanrìn tí ó mọ́ tó láti fi ṣe é wà ní Ìgbókọ̀dá ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Iṣẹ́ náà kò sì ṣàjèjì sí wa: ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, Abidemi Babalola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ hú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó ju 12,000 lọ jáde nínú ilẹ̀, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017, wọ́n fi hàn pé Ifẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń fi èròjà ilẹ̀ wọn ṣe gíláàsì láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, láìdúró de ti òyìnbó tàbí ti Lárúbáwá.

O lè rí i nínú ìwé pé ọ́síjìn kan ṣoṣo náà lè so mọ́ sílíkónì kan. Inú iná tí ó gbóná rékọjá ni ìyẹn ti ń di afẹ́fẹ́, àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe dígí awò sì ń fi í bo ojú dígí wọn. Kì í ṣe ohun tí ó ń bá wa gbélé.

Ní ti pípa ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni, sílíkà lè pani, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí májèlé ti ń pani. Quartz ni, tàbí èyí tí ó jọ ọ́ tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ, nígbà tí a bá fọ́ ọ di eruku tí ojú kò rí, tí eruku náà sì gba ihò imú wọlé. Ka ìdáhùn tó kàn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí bàbá àwọn ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ akọ òkúta lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Láti bí ọdún kan ni ikọ́ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bí ó bá gun àtẹ̀gùn díẹ̀, àfi kí ó dúró mí. Kẹ́míìsì ni a ti ń ra oògùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ máa ń mu mílíìkì alágolo bí wọ́n bá ṣíwọ́, àwọn mìíràn a máa lá epo pupa, wọ́n ní ó ń fọ eruku kúrò láyà. Ṣé òótọ́ ni? Àbí ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń ṣe é? — Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Kí a tó ṣàlàyé ohunkóhun, ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ yìí nìyí: ẹ jẹ́ kí bàbá lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, kí wọ́n sì ya ẹ́síréè àyà rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ àti oògùn rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba tí ń tọ́jú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Bí ó bá ti jókòó níwájú dókítà, kí ó sọ pé iṣẹ́ òkúta ni òun ń ṣe àti iye ọdún tí òun ti wà nídìí rẹ̀, kí ó má dúró kí wọ́n bi òun, nítorí pé lójú ẹ́síréè, àpá tí eruku òkúta ń dá sí ẹ̀dọ̀fóró àti èyí tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń dá lè jọra púpọ̀, apá òkè ẹ̀dọ̀fóró ni àwọn méjèèjì sì sábà máa ń mú. A kò lè ti inú lẹ́tà sọ èwo ló ń ṣe é. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ méjèèjì pọ̀.

Ọ̀rọ̀ mílíìkì àti epo pupa kì í ṣe òótọ́. Láti ọ̀fun ni ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí ti pínyà: ohunkóhun tí a bá gbé mì, ikùn ló ń lọ, bí ó bá sì ṣèèṣì yà sí ọ̀nà èémí, ṣe ni yóò pá ènìyàn lórí. Eruku tí mílíìkì lè ṣàn lọ ni èyí tí ó lẹ̀ mọ́ ọ̀fun, ìyẹn kọ́ ló sì ń pani. Kò sí ohun tó burú nínú kí òṣìṣẹ́ mu mílíìkì; ohun tó burú, lójú tiwa, ni kí ọ̀gá iṣẹ́ máa pín mílíìkì kí ó má baà náwó sórí páìpù omi.

Eruku tí ń pani kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí lọ. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, irun orí kan yóò nípọn tó nǹkan bí 70 nínú rẹ̀. Eruku sílíkà tí ó ń dé inú ẹ̀dọ̀fóró lọ́hùn-ún kì í sábà ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀, imú àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á mú un, a ó fun ún jáde tàbí kí a tu ú dànù. Ẹ wá wo hóró yanrìn kan ṣoṣo tí ó fẹ̀ ní mìlímítà kan: bí ẹ̀rọ bá lọ̀ ọ́ títí tí ẹyọ eruku kọ̀ọ̀kan fi jẹ́ méjì péré nínú ẹgbẹ̀rún náà, mílíọ̀nù 125 ni yóò dà. Kódà níbi tí atẹ́gùn kò ti fẹ́ rárá, irú eruku bẹ́ẹ̀ yóò lò ju wákàtí kan lọ kí ó tó ti ìwọ̀n orí ènìyàn balẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òṣìṣẹ́ fi lè dúró títí wọ́n á fi pa ẹ̀rọ, kí ó wo iwájú wo ẹ̀yìn pé ojú ti mọ́, kí ó yọ ìbòmú rẹ̀ láti jẹun, kí ó sì máa fa èyí tí ó burú jù símú.

Nínú àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké tí ó wà ní ìkangun ọ̀nà èémí nínú ẹ̀dọ̀fóró, ara ní àwọn ọmọ ogun tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbé ohun àjèjì mì kí wọ́n sì jẹ ẹ́ run. Wọ́n á gbé quartz mì, wọn kò ní rí i jẹ, òun ni yóò pa wọ́n. Bí wọ́n ti ń kú ni wọ́n ń tú èròjà tí ń mú ẹran ara wú sílẹ̀. Quartz náà á tún bọ́ sílẹ̀ láìyingin, òmíràn á tún gbé e mì. Ibi tí ìjà yìí bá ti pẹ́, àpá líle ni yóò kù níbẹ̀, ojú àpá kì í sì í gba afẹ́fẹ́ wọlé. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ ló burú jù, nítorí pé ojú ibi tí ó ti là kò tíì kú, ó ṣì ń wá ohun tí yóò bá jà.

Orúkọ tí àwọn dókítà ń pe àìsàn yìí láti 1870 ni sílíkósìsì. Ibi tí eruku kò bá pọ̀ jù, ó lè gba ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ènìyàn tó mọ̀ pé òun ní i. Ibi tí ó bá pọ̀, ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá ti tó. Ibi tí ó bá pọ̀ rékọjá, ó lè má pé ọdún kan. Kò sí oògùn tí ń tú àpá náà ká, ó sì lè máa le sí i lẹ́yìn tí ènìyàn ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ní i tètè ń kó ikọ́ ẹ̀gbẹ ju ẹlòmíràn lọ, nítorí pé àwọn ọmọ ogun ara tí ó yẹ kí ó bá kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ jà ni quartz ti sọ di aláìlágbára. Láti 1997 ni IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń ṣèwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ, ti ka irú eruku sílíkà yìí mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Bí bàbá bá ń mu sìgá, kí ó jáwọ́ lónìí.

Ní Amẹ́ríkà, òfin tí OSHA, àjọ tí ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ níbẹ̀, gbé jáde ní 2016 sọ pé irú sílíkà yìí kò gbọ́dọ̀ ju máíkírógíráàmù 50 lọ nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan, ní ìpíndọ́gba wákàtí mẹ́jọ tí òṣìṣẹ́ fi ń ṣiṣẹ́. Láàárín wákàtí mẹ́jọ, òṣìṣẹ́ a máa mí nǹkan bí kúbíìkì mítà 10. Gbogbo ohun tí òfin gbà kí ó fà símú lójúmọ́, bí a bá kó o jọ, kò tó ìdajì hóró yanrìn kan náà tí a sọ lókè.

Wọ́n kò dédé ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Ní Hawks Nest, ní ìpínlẹ̀ West Virginia, wọ́n gbẹ́ ihò gba inú òkè kọjá ní 1930 sí 1931 kí omi odò lè máa gba ibẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń pèsè iná mànàmáná. Òkúta inú òkè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ sílíkà pọ́nńbélé, gbígbẹ ni wọ́n sì ń lu ú láìbomi sí i, kí iṣẹ́ lè yá. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti gúúsù wá wáṣẹ́ nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnukọlẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n rán wọlé. Ìṣirò tí olùwádìí kan ṣe ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà gbé iye àwọn tó kú dé 764, ó kéré tán. Ẹ má sì rò pé ẹ̀rọ ńlá nìkan ló ń dá irú rẹ̀ sílẹ̀: ní 1975, àwọn dókítà kọ ìròyìn nípa sílíkósìsì láàárín àwọn tí ń gbẹ́ ọlọ ní àríwá Nàìjíríà, irinṣẹ́ ọwọ́ sì ni àwọn wọ̀nyẹn ń lò.

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé eruku ti dá àpá sí ẹ̀dọ̀fóró bàbá, kí ó kúrò nídìí eruku pátápátá. Kí ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀ tí ó jìnnà sí kírọ́ṣà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń fọ́ òkúta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ kò tó. Àwọn tó kù gbọ́dọ̀ béèrè pé kí omi máa tú sára òkúta kí kírọ́ṣà tó gbé e mì àti níbi tí ó ti ń dà á jáde. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi afẹ́fẹ́ kọ̀ńpírẹ́sọ̀ fẹ́ eruku kúrò lára aṣọ. Ẹ̀yin náà, Ìyá Ìbejì, ẹ má gbọn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú ilé. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi bí ó bá ti bọ́ ọ. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tí Nàìjíríà ṣe ní 2010, tí àjọ NSITF ń mójú tó, kan àìsàn tí ènìyàn kó níbi iṣẹ́, nítorí náà ẹ gba ìwé dókítà tí ó dárúkọ àìsàn náà, kí ẹ sì fi í pamọ́ dáadáa.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ-ọmọ mi fi eyín ya pépà kékeré tí ó wà nínú páálí bàtà tuntun, ó sì gbé díẹ̀ nínú hóró inú rẹ̀ mì. Wọ́n kọ ọ́ sára pépà náà ní èdè òyìnbó pé kí a má jẹ ẹ́. Ara rẹ̀ le o, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. — Ìyá Àgbà, Èkó.

ÌDÁHÙN: Mà, ẹ fọkàn balẹ̀. Sílíkà jẹ́ẹ̀lì ni, ihò tíntìntín ló sì kún inú rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ojú àwọn ihò inú gíráàmù kan péré, bí a bá tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, yóò ju mítà onígun mẹ́rin 500 lọ. Inú ihò wọ̀nyẹn ni ọ̀rinrin ń sá sí kí bàtà má baà bu. Átọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tò bíi ti quartz, ara kì í sì í fà á mu, bí ó ti wọlé náà ni yóò ṣe jáde. Ẹ fún un lómi mu. Ohun tí wọ́n fi kọ ìkìlọ̀ náà síbẹ̀ ni pé hóró rẹ̀ tàbí pépà rẹ̀ lè pá ọmọ kékeré lórí. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ búlúù nìkan ni ẹ gbọ́dọ̀ gbé lọ han dókítà, nítorí pé ó lè ní kóbáọ́tì nínú, èyí tí kò dára fún ara. Bí ó bá sì jẹ́ ìyẹ̀fun dúdú ni ẹ rí nínú irú pépà bẹ́ẹ̀ tí ó bá oúnjẹ onípáálí wá, lẹ́búlú irin ló sábà máa ń jẹ́, kì í ṣe sílíkà. Ẹ pe dókítà fún ìyẹn pẹ̀lú.

ÌBÉÈRÈ: Yanrìn inú gàárì àti ti inú ẹ̀wà ńkọ́? Ọyẹ́ ńkọ́? — Oníṣòwò, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Yanrìn inú gàárì lè ṣẹ́ eyín, kò lè ṣe ẹ̀dọ̀fóró ní nǹkan kan. Kódà, ọ̀pọ̀ mílíìkì oníyẹ̀fun àti èròjà amọ́bẹ̀dùn ni wọ́n ń fi sílíkà díẹ̀ sí kí ó má baà dì pọ̀. Ẹ ó rí i lára páálí pé wọ́n kọ E551. Eruku ọyẹ́ ní quartz nínú lóòótọ́, ó sì lè dá ikọ́ ṣemínṣemín ẹlòmíràn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìta gbangba ni, ó ti pẹ́ lójú ọ̀nà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò sì pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ bíi ti ìdí kírọ́ṣà. Ẹni tí ó bá ń fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá ṣọ́ọ̀bù níbi tí wọ́n ti ń gé búlọ́ọ̀kù tàbí táìsì wà nínú ewu ju ẹni tí ń rìn nínú ọyẹ́ lọ. Kí ó wọ́n omi sílẹ̀ kí ó tó gbá a.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. London ni mo wà, iṣẹ́ pẹpẹ ìdáná ni mò ń ṣe. Òkúta tí à ń gé kì í ṣe ti inú ilẹ̀, ilé iṣẹ́ ló ń ṣe é, quartz ni àwọn oníbàárà ń pè é. Ọ̀gá wa fún wa ní ìbòmú pẹlẹbẹ irú èyí tí gbogbo ayé lò nígbà Kòrónà, ó ní ó ti tó. Mo dá irùngbọ̀n sí. Ṣé kí n máa bẹ̀rù? — Oníṣẹ́ Ọwọ́, London.

ÌDÁHÙN: Arákùnrin wa, ọ̀gá yín kò sọ òótọ́ fún yín. Sílíkà inú akọ òkúta lè tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ti mábù kì í sábà ju ìdá márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n òkúta àtọwọ́dá tí ẹ ń gé yìí, quartz lílọ̀ tí wọ́n fi gúlúù dì pọ̀ ni, ó sì lè ju ìdá 90 lọ. Ewu rẹ̀ ló mú kí Australia fi òfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2024. Ní ọdún kan náà, àwọn dókítà ní London kọ ìròyìn nípa àwọn mẹ́jọ àkọ́kọ́ tí wọ́n rí ní Bìrìtìkó tí òkúta yìí fún ní sílíkósìsì. Ọmọ ọdún 34 ni ẹni tó wà láàárín wọn bí a bá to ọjọ́ orí wọn. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, iṣẹ́ yín gan-an sì ni wọ́n ń ṣe.

Ìbòmú pẹlẹbẹ kò lè dá irú eruku yìí dúró, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni yóò gbà wọlé. Omi ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì: kí omi máa ṣàn sójú abẹ ẹ̀rọ ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń gé, kí ẹ̀rọ tí ń fa eruku sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni a tó ń sọ̀rọ̀ ìbòmú, FFP3, irú èyí tí ń sẹ́ eruku tíntìntín, sì ni kí ó jẹ́, tí wọ́n ti dán wò lójú yín pé ó lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Pẹ̀lú irùngbọ̀n, kò lè lẹ̀. Ẹ fá a, tàbí kí ilé iṣẹ́ ra akoto tí ẹ̀rọ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ mímọ́ sínú rẹ̀, èyí tí kò nílò kí ó lẹ̀ mọ́ awọ ara.

Òfin Bìrìtìkó kò gbà kí irú sílíkà yìí ju mìlígíráàmù 0.1 lọ nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan láàárín wákàtí mẹ́jọ, HSE, àjọ tí ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ níbẹ̀, ló sì ń mójú tó o. Ẹ lè fẹjọ́ sùn wọ́n láìjẹ́ kí ọ̀gá mọ ẹni tó sọ. Ẹ sọ fún GP yín, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, pé òkúta àtọwọ́dá ni ẹ ń gé, kí ẹ sì béèrè àyẹ̀wò èémí àti àwòrán àyà, bí kò bá tilẹ̀ sí ikọ́. Ibi tí ó yẹ kí ẹ ti ṣọ́ra jù ni ilé oníbàárà: wọ́n sábà máa ń fi ihò ẹnu ẹ̀rọ omi sílẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá ń to pẹpẹ, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ ọwọ́ lu ú gbígbẹ nínú kíṣìnì tí fèrèsé rẹ̀ tì. Ẹ ní kí wọ́n wọn ọ́n tẹ́lẹ̀, kí ẹ lè lu ú ní ṣọ́ọ̀bù níbi tí omi wà.